Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Di Pupa

Ìrẹsì ti ń hó lórí iná nígbà tí Jhalmati gbọ́ igbe. Ẹni tó bá ti dáná nílé ìwé fún ọdún mọ́kànlá á ti mọ oríṣiríṣi igbe: igbe ọmọ tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, igbe ọmọ tí oyin ta, igbe àwọn tó kàn ń pariwo nítorí pé ẹnu wọn ò lè gbé jẹ́ẹ́. Èyí ò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Bí ogún ọmọ ló figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn sì ń ké pé, "Ẹ̀jẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ rèé o!"

Ó bẹ́ jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbakọ onírin lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ti fọ́n ká gbogbo àgbàlá. Bishram, ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí kì í dákẹ́ níjọ́ kan, dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ náà pupa fòò láti ọrùn ọwọ́ dé èékánná, pupa yẹn sì ń kán tó, tó, sórí sìmẹ́ńtì.

Jhalmati ju ìgbakọ nù. Kò mọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó gbá ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ń wá ojú ọgbẹ́.

"Ta ló gé e? Mo ní ta ló gé ọmọ yìí?"

"Kaki, ẹ má bínú." Ohùn kékeré kan ló sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kaki ni gbogbo ilé ìwé ń pè é, bí ẹni ń pe ìyàwó àbúrò bàbá ẹni. "Kò sẹ́ni tó gé e. Ọṣẹ ni."

Sunkeshari ló ń sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan tó wà ní kíláàsì keje, ó ga, ọrùn ẹ̀ gùn, irun ẹ̀ wà ní dídì méjì. Ó mú ọṣẹ lọ́wọ́ kan, ó mú agolo lọ́wọ́ kejì. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti fọwọ́ bo ẹnu, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí wọ́n sá lọ.

"Ọṣẹ wo ló ń sọ ọwọ́ ọmọ di ẹ̀jẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Àtalẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ fi pa á lọ́wọ́, Kaki. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, tẹ́ ẹ fi ń se ẹ̀wà gan-an. Tí ọṣẹ bá ti kàn án, ṣe ló máa ń pọ́n. Èmi náà ò mọ̀ pé ó máa pọ́n tó báyìí."

Bishram gbé ọwọ́ ẹ̀ súnmọ́ imú. Ó gbóòórùn ẹ̀. "Ọbẹ̀ ni!" ló bá pariwo, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Jhalmati ò lè dìde mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti ìsinmi ọdún Dasain ni ọ̀gá ilé ìwé, Lautan, ti fa àwọn ọmọ kékeré lé àwọn ọmọ kíláàsì keje lọ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè, àwọn ọmọ ńlá á kó àwọn kéékèèké jọ, wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé èékánná, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn wúkọ́ sójú ẹnìkejì. Ọ̀gá ní tí òun bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kékeré máa ń wo irùngbọ̀n òun ni, wọn kì í gbọ́ nǹkan tóun ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n wọn bá sọ, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á tún fi yọ ìyá wọn lẹ́nu.

Nígbà tí Jhalmati gbọ́ ọ, ẹ̀rín ló fi rín. "Àwọn tí ikun imú tiwọn gan-an ò tíì gbẹ?" ló sọ. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ òun ní ìmọ́tótó.

Ìmọ́tótó lòun mọ̀ jù láyé. Òdìkejì odò Babai ni wọ́n bí i sí, láàárín ẹ̀yà Tharu. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n mú un lọ sílé ńlá kan nílùú Nepalgunj láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Tharu lọ nígbà yẹn. Eérú ló fi ń fọ abọ́ títí ìka ẹ̀ fi ń sán. Tí ìyá onílé bá rí hóró ìrẹsì kan péré lára àwo, gbogbo àwo ló máa fọ̀ lákọ̀tun. Àràárọ̀ ló máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àwọn ọmọ ilé náà bí wọ́n ṣe ń gbé báàgì lọ síléèwé. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ló fi wo báàgì wọn. Òun fúnra ẹ̀ ò jókòó ní kíláàsì rí.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń wá alásè fún ilé ìwé abúlé wọn, ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú ni, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí èéfín dúdú lára ìkòkò ẹ̀. Òun ló sì fẹnu ara ẹ̀ tọrọ abọ́ ìwẹwọ́: abọ́ ńlá kan, fífẹ̀ ẹ̀ tó ẹnu ìlù gbẹ̀du, tó ń gbé síwájú ilé ìdáná lọ́sàn-án. Kí ọmọ kankan tó gba àwo, ó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ yẹn, kó fi wọ́n ra ara wọn. Ẹni tí kò bá fọwọ́ ò ní jẹun. Ó ti di òfin. Àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti yìn ín nítorí ẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ ya fọ́tò abọ́ náà, ó ní òun máa fi han àwọn ilé ìwé yòókù.

Sunkeshari fà á dìde nílẹ̀. "Kaki, ẹ má jẹ́ kínú bí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ṣe èyí tó kù. Ẹ jẹ́ ká lo abọ́ yín."

Ìyẹn tù ú nínú díẹ̀. "Abọ́ mi kọ́? Ẹ ṣì mọ̀ pé mo wúlò." Fúnra ẹ̀ ló tẹ ẹ̀rọ omi, ó bu omi tó mọ́ lóló kún inú abọ́, ó gbé e síbi tó máa ń wà.

Wọ́n ti fi ọṣẹ ṣan ọwọ́ Bishram dáadáa. Sunkeshari tún da àtalẹ̀ pupa sí i látẹ́lẹwọ́.

"Ẹ wò ó," ó sọ fún àwọn ọmọ. "Bishram ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, àtalẹ̀ yìí ni kòkòrò àrùn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti gbàgbé ọṣẹ."

"Irọ́ ni! Mi ò gbàgbé!"

"Eré ni à ń ṣe, Bishram."

"Kó jẹ́ Ramphal ló gbàgbé. Òun ló máa ń gbàgbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà Bishram ti ọwọ́ bọ inú abọ́, ó fi wọ́n ra ara wọn, ó gbọ̀n wọ́n. Omi pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, kò ju bí tíì tó ṣàn lọ. Ọwọ́ ẹ̀ sì jọ èyí tó mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn yòókù tò, ọwọ́ wọn ò ní nǹkan kan lára, wọ́n ń bọ̀ ọ́ sínú omi náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ìgbà tó kan ẹni ìkẹyìn, Jhalmati ká apá aṣọ ẹ̀ sókè.

"Ẹ sún kúrò, kí n fi hàn yín bí àgbà ṣe ń fọwọ́." Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀gbà ọwọ́, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún mọ́ etí aṣọ ẹ̀.

Sunkeshari mú ọṣẹ tútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa wọ́n lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà.

Ọwọ́ ọmọ àkọ́kọ́ di pupa. Ti ìkejì di pupa. Ti ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹrin. Àwọn kan pọ́n ní gbogbo àtẹ́lẹwọ́, àwọn kan pọ́n nínú ìlà ọwọ́ àti abẹ́ èékánná nìkan. Kò sẹ́ni tó pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ara wọn. Bí Sunkeshari ṣe ń lọ ni ojú tiẹ̀ gan-an ń yí padà, àfi bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Jhalmati, ó dúró.

"Fi pa mí lọ́wọ́," Jhalmati sọ.

"Kaki…"

"Mo ní kó o fi pa mí."

Ó fi ọṣẹ kàn án. Pupa jáde nínú gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, ó yọ lábẹ́ èékánná, ó yí ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀ ká.

"Kaki náà ní kòkòrò!" ọmọdébìnrin kékeré kan ké, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Jhalmati ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo abọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo. Jhalmati fúnra ẹ̀ ló sì ń tò wọ́n sórí ìlà lójoojúmọ́ kí wọ́n wá gba tiwọn lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó lọ fi ọwọ́ náà jẹun.

"Mi ò mọ̀, Kaki," Sunkeshari ń sọ, omijé ti ń dà lójú ẹ̀. "Nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n ni pé omi lásán ò tó, àfi ọṣẹ. Mi ò ronú kan abọ́ yín. Mo búra, mi ò ronú kàn án."

Ìrẹsì jóná lọ́jọ́ náà. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo ọgbà, Jhalmati ò gbọ́ ọ.

Nǹkan tó gbà á lọ́kàn bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àtalẹ̀ lọ. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, ní oṣù Bhadau, ọmọ mẹ́rin ò wá síléèwé lọ́jọ́ Túsìdeè. Nígbà tó máa fi di Fúráìdeè, wọ́n ti di mọ́kànlá. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni. Mẹ́wàá nínú wọn yè é. Ẹni kọkànlá ni Pabitra, ọmọ ọdún méje, ọmọ Sitarani. Inú katakata ló kú sí, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, níbi tí ọ̀gbàrá ti dí ọ̀nà. Òjò ni gbogbo abúlé dá lẹ́bi. Jhalmati náà dá òjò lẹ́bi, ó sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú.

Ṣùgbọ́n ní báyìí ó rántí. Lọ́sẹ̀ yẹn, nígbà tí àìsàn náà ń jà, ó mú òfin abọ́ le sí i. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn, tí ara wọn ò tíì gbé kánkán, ó ṣàánú wọn. Iwájú ìlà ló máa ń fi wọ́n sí, kí wọ́n lè tètè fọwọ́, kí wọ́n tètè lọ jókòó. Pabitra, tí nǹkan kan ò ṣe nígbà náà, ẹ̀yìn wọn ló máa ń tò sí.

Ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá láìkan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, abọ́ yẹn ni."

Lautan gbójú sókè. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Kaki, ẹ jókòó ná. Kànga gan-an bàjẹ́ nígbà yẹn. Omi wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ sọ pé òun ò lè mọ ibi tó ti wá."

"Mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé ó lè jẹ́ abọ́ yẹn?"

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ó lè jẹ́ òun."

"O ṣeun tó ò purọ́ fún mi."

"Kaki, èmi náà ń fọwọ́ nínú ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà níbí. Mo lọ sí yunifásítì, mo kà nípa kòkòrò àrùn, mo ṣe ìdánwò lórí ẹ̀, mo yege. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń kọjá níwájú abọ́ yẹn." Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni ń wo nǹkan tó já bọ́ láti òkè. "Ojoojúmọ́."

Ọjọ́ méjì ni Jhalmati ò fi yọjú síléèwé. Lọ́jọ́ kẹta, Sunkeshari wá bá a nílé. Ó bá a níbi tó ti ń fi eérú ha ọwọ́ ara ẹ̀, awọ ti fẹ́ máa bó.

"Kaki, ó tó! Ẹ fi sílẹ̀!" Ọmọ náà já eérú gbà lọ́wọ́ ẹ̀. "Àwọn ọmọ ń bèèrè yín. Ọ̀gá ló ń dáná."

"Lautan? Lautan tí kò lè se omi?"

"Ìrẹsì àná, Kaki, a fi ṣíbí gé e ni. Bishram ní òun máa lọ fi kọ́lé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Jhalmati kó tó mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú tún tì í fún ẹ̀rín náà. Ó jókòó, ó kọjú sí ọmọ náà.

"Kọ́ mi," ló sọ.

"Kí n kọ́ yín ní kí ni?"

"Gbogbo ohun tí ò ń kọ́ wọn. Má fo ọ̀kankan."

"Èmi? Kí n kọ́ yín?" Ẹnu ya Sunkeshari. Ìyá ìyá ẹ̀ àti Jhalmati fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. "Kaki, kò bójú mu."

"Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́, ṣé ó bójú mu?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó rọra ń da omi láti inú kẹ́tù sí i lọ́wọ́, kó máa ṣàn lọ, kó má dúró síbì kan. Ọṣẹ. Àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná. Kó kà dé ogún kó tó ṣan án. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ohùn Sunkeshari ò jáde dáadáa. Ní ìgbà kẹta, ó ti ń pàṣẹ.

"Ẹ ti gbàgbé àtàǹpàkò yín. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kì í gbàgbé àtàǹpàkò."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Da omi."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn olóko. Jhalmati fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ kíláàsì keje gé igi kéékèèké tó máa ń dí i, wọ́n so wọ́n rọ̀ sára ògiri ilé ìdáná. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ á yọ igi, omi á ṣàn. Ọṣẹ wà nínú àpò tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ àlòkù ṣe.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a ṣe. Ìgbà ìkórè ìrẹsì ni. Jhalmati rìn lọ sóko, ó bá Sitarani níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi dòjé gé ìrẹsì. Kò jókòó, kò kí i tán. Ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí: abọ́, àtalẹ̀, ìlà, bí òun ṣe ń fi àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn síwájú.

Sitarani nàró. Kò sunkún. Ojú ẹ̀ kàn là sílẹ̀, dòjé ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ fún mi, Kaki?"

"Nítorí pé…"

"Mo ti gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Odidi ọdún kan ni mo fi gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ti ń rí oúnjẹ jẹ. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e padà wá fún mi?"

Jhalmati ti rò pé obìnrin náà á bú òun, ó ti rò pé ó lè gbá òun létí. Ìbéèrè yìí ni kò rò tì. Sitarani ju dòjé sílẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà ilé lọ láìwẹ̀yìn.

Ìrẹsì tó kù kò kéré. Jhalmati mú dòjé náà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti ibi tí Sitarani dé. Títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló fi gé e. Ó dì í ní ìdì-ìdì, ó tò ó sójú kan, ó gbé dòjé lé e lórí, ó lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Oṣù mẹ́jọ kọjá tí Sitarani ò bá a sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á wolẹ̀. Òjò tún dé, omi tún gba ilẹ̀. Jhalmati ń ka àwọn ọmọ láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Nígbà tí Bhadau máa fi parí, ọmọ méjì péré ni gbuuru ṣe. Àwọn méjèèjì mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà nílé, wọ́n padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ilé ìwé méjì tó wà nítòsí ti ní kí Sunkeshari àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá fi ti àtalẹ̀ han àwọn náà. Jhalmati ló máa ń sìn wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n bá bèèrè ẹni tó máa ti ọwọ́ bọ abọ́ kẹ́yìn, òun ló máa ń jáde, á sì sọ fún wọn pé ọdún mọ́kànlá lòun fi ṣe é.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, ó gbójú sókè nídìí iná, ó rí Sitarani lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa ọmọkùnrin kékeré kan lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, àbúrò Pabitra. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sí jẹ́léósinmi ni. Ọmọ náà ń wo Sunkeshari, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí omi ṣe ń ṣàn.

Jhalmati dìde. Ọwọ́ ẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun ìrẹsì, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Sitarani ò wolẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Ó wo ojú ẹ̀ tààrà.

"Kaki, ọmọ yìí kì í jẹ ọ̀dùnkún," ló sọ. "Ẹ má fún un ní ọ̀dùnkún."

Ó fi ọwọ́ ọmọ náà lé Jhalmati lọ́wọ́, ó yí padà, ó lọ.